VM kan ṣoṣo, lórí Windows, lórí Linux, lórí Mac

VM (virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwìá dá sínú kọ̀ǹpútà gidi) kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Debian, oríṣi Linux kan, ló wà nínú ẹ̀, PostgreSQL tó ń tọ́jú database wà níbẹ̀, Python wà níbẹ̀, gbogbo nǹkan ni mo ti tò síbẹ̀ bó ṣe wù mí. Windows ni wọ́n fún wa níbi iṣẹ́, Ubuntu, tóun náà jẹ́ Linux, ni mò ń lò nílé, àbúrò mi sì ní Mac àtijọ́ kan, ti Intel, tí mo máa ń yá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. VM kan náà yìí ló ń ṣiṣẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn èèyàn á wá máa bi mí pé ṣé mo tún ń ṣe tuntun sórí ìkọ̀ọ̀kan ni. Rárá o, ẹyọ kan yẹn náà ni.

VirtualBox, sọ́fítíwìá tó ń gbé VM ró, ni mo fi ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, Innotek, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2007, Sun rà wọ́n ní 2008, Oracle wá ra Sun ní 2010, bó ṣe di ti Oracle nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ jù ni pé Windows o, Linux o, Mac o, irú fáìlì kan náà ni gbogbo wọn ń kà. Tẹ́ ẹ bá ṣí fódà VM yín, ẹ máa rí .vdi, òun ni háàdì dísìkì VM náà, ẹ sì máa rí .vbox tó jẹ́ XML lásán, ibẹ̀ ni wọ́n kọ iye RAM, iye CPU àti irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí. Tẹ́ ẹ bá ti ya snapshot rí (ìyẹn bí VM ṣe wà lásìkò kan, tẹ́ ẹ fi pa mọ́ kẹ́ ẹ lè padà sí i), fódà Snapshots náà á wà níbẹ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun á tẹ̀ lé e: fódà yẹn lódindi ni kẹ́ ẹ gbé, ẹ má mú .vdi nìkan, torí pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn snapshot ò sí nínú .vdi àkọ́kọ́ yẹn mọ́, inú Snapshots ló wà, ẹ lè wá máa rò pé iṣẹ́ yín ti sọnù nígbà tí kò sọnù. Tẹ́ ẹ bá dé orí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ tẹ Add, ẹ mú .vbox yẹn, ó parí. Àmọ́ kí VirtualBox méjèèjì jẹ́ ẹ̀yà kan náà o, torí èyí tó ti pẹ́ lè kọ̀ láti ṣí ohun tí tuntun bá ti kọ.

Debian inú VM yẹn ò mọ̀ bóyá orí Windows lòun wà àbí orí Mac. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ló ń rí, dísìkì kan náà, VirtualBox ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ fún un. Ibi tí VM bá ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tó gbà á lálejò ni wàhálà ti ń wá. Ẹ wo Bridged, ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń so VM tààrà mọ́ káàdì kọ̀ǹpútà yín: orúkọ káàdì Wi-Fi yín ló máa kọ sínú .vbox, lórí Mac ó lè jẹ́ en0, lórí Linux wlp3s0, lórí Windows orúkọ gbọọrọ kan tó ní Intel nínú, tẹ́ ẹ bá wá gbé e dé ibòmíì, á ní òun ò rí káàdì yẹn, kò sì ní tàn. NAT, níbi tí VM ti ń gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà yín jáde láìbéèrè orúkọ káàdì, ni kẹ́ ẹ lò jàre, ẹ wá fi port forwarding gbé port 2222 kọ̀ǹpútà yín lọ sí port 22 ti VM, ssh -p 2222 tẹ́ ẹ fi ń wọ inú VM á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Shared folder, fódà tí VM àti kọ̀ǹpútà jọ ń lò, náà ńkọ́? C:\Users ò sí lórí Linux. Mo ti yọ tèmi kúrò, git àti scp ni mo fi ń kó nǹkan wọlé.

Ọ̀rọ̀ save state (kẹ́ ẹ dá VM dúró bó ṣe wà, láìpa á) gan-an ló ká mi lára jù. Wọ́n á mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù á ti fẹ́ tán, èèyàn á kàn save state, á yọ dísìkì ìta tí VM wà lórí ẹ̀, á lọ tàn án lórí kọ̀ǹpútà míì tó bá ti níná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú RAM lẹ fi pa mọ́ yẹn, pẹ̀lú irú CPU tó ń lò lọ́wọ́, tí CPU ibi tẹ́ ẹ gbé e lọ bá yàtọ̀, ó lè kọ̀ kó má jí. sudo poweroff, kó kú pátá, ká tó gbé e.

Dísìkì tẹ́ ẹ fi ń gbé e, exFAT ni kẹ́ ẹ fọ́máàtì ẹ̀ sí. FAT32 ò gba fáìlì tó bá tó 4GB, Mac sì ń ka NTFS ṣùgbọ́n kò ní kọ sórí ẹ̀. exFAT ò ní journal, àkọsílẹ̀ tó ń dáàbò bo fáìlì tí nǹkan bá já lójijì, ṣá, ẹ eject kẹ́ ẹ tó fà á yọ.

Lórí Windows, tẹ́ ẹ bá rí ìjàpá aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀ VM, Hyper-V, ohun èlò VM ti Windows fúnra ẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, WSL2, tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows, sábà máa ń fà á, VM á kàn máa wọ́ ni. Lórí Linux, tí Secure Boot (ààbò tó ń yẹ ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbé sókè wò) bá wà ní títàn, vboxdrv, dráífà VirtualBox, ò ní wọlé àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i pẹ̀lú MOK, kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ fúnra yín forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, láti kernel 6.12 (ọkàn Linux) sì ni KVM, ohun èlò VM ti Linux fúnra ẹ̀, ti ń gba VT-x, agbára tí CPU fi ń gbé VM, mọ́ra, tí VM bá kọ̀ láti tàn torí ẹ̀, ẹ fi modprobe -r kvm_intel yọ ọ́, àbí kvm_amd tó bá jẹ́ AMD.

Mac M1 tó jáde ní 2020 sókè ni kò ṣeé ṣe fún. ARM ni irú CPU tiwọn, Debian tèmi x86 ni, ti CPU Intel àti AMD. UTM, sọ́fítíwìá VM fún Mac, lè fi QEMU, tó ń ṣe àfarawé CPU, ṣe bíi pé x86 ni, àmọ́ ó máa ń falẹ̀ débi tí iṣẹ́ ò ní yá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní irú ẹ̀, ẹ tò Debian ARM tuntun síbẹ̀, ẹ fi pg_dump kó database yín jáde, ẹ git clone kóòdù yín, torí àwọn yẹn ò bìkítà irú CPU tó wà lábẹ́ wọn.