Rédíò Bàámi n'Íbàdàn, tẹlifísọ̀n àwọn arúgbó ní Leeds

Bọ̀dá mi fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ju pé mo ti bọ́, mo ti wà ní England, nílùú tí wọn kì í ti í jà torí ẹ̀sìn, òyìnbó ló gbé Bíbélì wá bá wa, ọba wọn gan-an ni olórí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí ló wá kù tí mo fi ń pariwo pé àárò ilé ń sọ mí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ká mi lára gidi gan-an.

Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn rí mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀, mi ò ní fa ìyẹn gùn. Kí wọ́n tó ka àkọlé ìwé ìròyìn tán lórí rédíò, àwọn èèyàn ti ń pè wọlé. Lọ́dún 2016 tí ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun ní kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa wọ híjáàbù lọ sílé ìwé ìjọba, tí àwọn ọmọ kan n'Ìwó wá wọ aṣọ kwáyà lọ sí kíláàsì, tí àwọn kan tún gbé ẹ̀kú eégún wọ̀, fóònù rédíò ò sinmi lọ́sẹ̀ yẹn. Mùsùlùmí ni Bàámi, Áńgílíkà ni Màámi, èmi tẹ̀lé Màámi, bọ̀dá mi tẹ̀lé Bàámi. Bàámi á máa bá ẹni tó pè jà bí ẹni pé onítọ̀hún jókòó sí pálọ̀, "Irọ́ lo pa! Irọ́ lo pa!", Màámi á máa dá a lóhùn láti kíṣìnnì pé ṣé kì í ṣe àwọn ìjọ ló kọ́ ilé ìwé ọ̀hún kí ìjọba tó gbà á ni. Tó bá dọ̀sán, àmàlà kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní June 2022 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù dá ẹjọ́ híjáàbù ti Èkó. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ fúnni ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe ní 2023, mo ti dé bí, orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ, ààfáà pè, pásítọ̀ pè, babaláwo náà pè.

Níbí ńkọ́? Bọ̀dá mi ò parọ́ nípa ọba. Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) ló ní àga nílé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà wọn, àdúrà ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìjókòó lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ lọ wo ètò ìkànìyàn 2021, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní England àti Wales, kò pé mẹ́rìndínláàádọ́ta àti ààbọ̀ tó pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì. BBC Radio 4 ń fún ẹlẹ́sìn ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárọ̀ láti àwọn ọdún 1970, ẹni kan á sọ̀rọ̀ ìyànjú jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè wọlé dá a lóhùn, wọ́n á padà sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Lọ́dún 2003 tí akọ̀ròyìn kan fẹ́ bi Tony Blair tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà yẹn nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, Alastair Campbell tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìròyìn fún un ló já lu ọ̀rọ̀ náà, ó ní àwọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Àwọn ará ibí ṣì ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn dòní, èmi náà ti rí i pé bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn.

Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Láàárọ̀ Sunday kan, ètò ìjíròrò ń lọ lórí tẹlifísọ̀n, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ó yẹ kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣì máa jókòó nílé ìgbìmọ̀. Àwọn mẹ́rin ni, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà gún régé, mo dúró gbọ́ ọ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Arúgbó méje ló jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Mo yíjú sí ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ní kí ló rò sí i, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ, ó ń ti kẹ̀kẹ́ tíì lọ. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Bàámi débi pé mo lọ dúró sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì fúngbà díẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Màmá kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, kì í rí oorun sùn. Lóru ọjọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, mo ń ka Sáàmù kẹtàlélógún sábẹ́ ẹnu lédè Yorùbá, ó bi mí kí ni mò ń sọ, mo sọ fún un, ó ní kí n máa kà á lọ. Ìka rẹ̀ tútù, ó ń fi àtàǹpàkò nu ẹ̀yìn ọwọ́ mi títí oorun fi gbé e lọ. Ẹnì kan ló lọ sọ fún máníjà. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, wọn ò bú mi, wọn ò gbóhùn sókè, wọ́n ní àdúrà ò sí nínú iṣẹ́ mi àfi tó bá wà lákọsílẹ̀ pé aláìsàn fẹ́ ẹ, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Mo fọwọ́ sí i. Mo mọ ìdí tí òfin yẹn fi wà, ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn ò lè sá fún ẹni tó bá fẹ́ fi tipá gbàdúrà fún un, mo ti rí irú ẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kan nínú wọn tó bi mí kí ni mo gbà gbọ́, tàbí kí ni màmá yẹn gbà gbọ́. Ká ní Ìbàdàn ni, wọn ì bá pariwo lé mi lórí, èmi náà ì bá sì dá wọn lóhùn.

Síbẹ̀ mi ò kábàámọ̀ pé mo wá o. Ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ nílé, àdúrà la fi ń ṣí ìpàdé, tí Mùsùlùmí bá ṣí i, Kìrìsìtẹ́nì á pa á dé, owó oṣù márùn-ún sì wà nílẹ̀ tí wọn ò san, ó ń bí mi nínú títí dòní. Níbí wọn ò dárúkọ Ọlọ́run, owó mi ń wọlé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láìyẹ̀, òun ni mo fi ń san owó oògùn Màámi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá, torí ẹ̀ náà ni mo ṣì ṣe wà níbí, kí bọ̀dá mi má sì pè é ní ìgbádùn.

Sátidé tó kọjá mo pe rédíò Ìbàdàn. Ìgbà ooru la wà, aago wa àti tilé bára mu. Wọ́n ń sọ ọ́ bóyá ó yẹ kí ìjọba máa fowó ìlú rán èèyàn lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù, mo dúró lórí ìlà fún ogún ìṣẹ́jú kí atọ́kùn ètò tó ní "Ẹ káàárọ̀ o, níbo lẹ ti ń pè?" Mo ní Leeds. Mo ní kí wọ́n fi owó yẹn san owó oṣù tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ná, mi ò tíì sọ ọ́ tán tí wọ́n fi ní àsìkò ìròyìn ti tó.

Kò pé ìṣẹ́jú méjì, fóònù mi dún.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàámi. Ẹ káàárọ̀ sà."

"Ṣé o mọ ẹni tó san owó tí mo fi lọ sí Mẹ́kà?"

Mo mọ̀ ọ́n, ìjọba ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà níbẹ̀, èmi náà ń dá a lóhùn, Màámi ń sọ tiẹ̀ láti ẹ̀yìn, títí tó fi ní wọ́n ti ń pèrun, òun ń lọ.