Ẹ Kọ Ohun Tí Ẹ Bá Fẹnu Kò Sí Sílẹ̀

Ní Kongo, níbi tí ẹ̀ka òfin Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria, kò sí kíláàsì tí mo fẹ́ràn tó ti ìlàjà. Mo fẹ́ wọ wíìgì bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wù mí jù ni kí ìjà parí kó tó dé iwájú adájọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Sabon Gari ni mí. Bàbá mi wà lára àwọn àgbà tí wọ́n máa ń pè bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwa Yorùbá lọ́jà. Wọ́n á gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì, wọ́n á bá kálukú wí, wọ́n á rán wọn létí pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣ'ọ̀rẹ́, ó parí.

Àbí kò parí? Ìyá aláǹkárá kan tajà àwìn fún ẹnìkejì rẹ̀, owó ò wọlé. Àwọn àgbà ní kó máa san án díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì gbà, wọ́n túká. Ẹnikẹ́ni ò mú bírò. Nígbà tó yá, èyí ní oṣooṣù làwọn sọ, ìyẹn ní ìgbàkígbà tọ́jà bá tà ni. Ohùn àwọn ẹlẹ́rìí pàápàá ò ṣọ̀kan. Ìjà kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí inú mi dùn sí Arbitration and Mediation Act ti 2023, òfin Nàìjíríà tó sọ nípa ìlàjà (mediation), tó rọ́pò òfin 1988, nìyẹn. Bí ẹni méjì bá jókòó ti onílàjà, tí wọ́n kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì buwọ́ lù ú, ó ti dè wọ́n. Kóòtù lè mú ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ kó ṣe é. Ti arbitration yàtọ̀: níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ yàn ló máa dá ẹjọ́ fún wọn. Onílàjà kì í dá ẹjọ́. Ìbéèrè ló ń bi.

Mo rí i nígbà tó kàn mí láti ṣe onílàjà ní kíláàsì, tí ẹnì kan ṣe onílé, tí ẹnì kan ṣe ayálégbé. Mo mú wọn sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayálégbé ní òun máa kó jáde bí wọ́n bá fún òun lóṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí n má tíì sọ ọ́. Èèwọ̀ ni kí n sọ ọ́. Mo lọ bá onílé, mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ilé ṣe gan-an. Ó ní ọmọ òun ń gbéyàwó ní ìparí ọdún. Owó ilé tí wọ́n ti ń pariwo lé lórí láti àárọ̀ kọ́ ni ìjà náà rárá! Àwọn àgbà wa náà mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ í bi, wọ́n mọ̀ ọ́n ju tiwa lọ. Ìwé nìkan ló kù.

Mo ti bẹ bàbá mi pé kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa jókòó tì wọ́n, kó kọ iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án àti orúkọ ẹlẹ́rìí, kí kálukú mú ẹ̀dà kan lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí wọ́n kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka. Wọ́n ní kí n kọ àpẹẹrẹ kan wá. Mo ti ń kọ ọ́, ní Yorùbá àti Hausa.