Àjọbí àti Àjọgbé ní Sabon Gari

Yorùbá tó bá ń gbé Sabon Gari ní Kánò, inú sosiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, ló ń gbé, bí kò tilẹ̀ ka ìwé kankan nípa rẹ̀ rí. Mo kọ́ ìmọ̀ náà ní yunifásítì kí n tó wá síbí. Àwọn onímọ̀ tí a kà nígbà náà, mo ń bá wọn pàdé ní ìsọ̀, ní ìpàdé, lẹ́nu ọ̀nà ilé.

Ìjọba amúnisìn ló ya àdúgbò yìí sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò, lẹ́yìn tí reluwé Èkó dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin bá òwò wá, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì bímọ.

Émile Durkheim, ọmọ Faransé, béèrè ní 1893 pé kí ló so àwùjọ pọ̀ tí kò fi tú ká. Àwọn tó gba ọ̀nà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bíi Talcott Parsons àti Robert Merton, ń wo iṣẹ́ tí àṣà kọ̀ọ̀kan ń ṣe láwùjọ. Merton fi kún un ní 1949 pé iṣẹ́ kan wà tó hàn sí gbogbo ayé, òmíràn sì wà tó fara sin.

Ẹ wá wo ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Akọ̀wé á ṣí ìwé ńlá tí etí rẹ̀ ti gbó, á máa pe orúkọ, á fi bírò pupa sàmì sí ẹni tí kò yọjú síbi ìsìnkú tó kọjá. Onítọ̀hún ti jẹ owó ìtanràn nìyẹn. Àjọ dídá, òkú sínsin, ìlàjà láàárín tọkọtaya: gbogbo ayé ló rí ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń ro àmàlà. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń gbọ́ ìsọ̀ tó ṣófo, ibẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń fojú wá ìyàwó fún ọmọ wọn, ibẹ̀ ni ọmọ tó ń fi Hausa ṣeré ní iléèwé ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìlú bàbá rẹ̀ àgbà. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ nínú òfin ẹgbẹ́.

Karl Marx, ọmọ Jámánì tó ń wo ìjà láàárín olówó àti òṣìṣẹ́, kò ní jẹ́ ká dúró síbẹ̀. Òun á béèrè pé ta ló ni ìsọ̀, ta ló ń san owó rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ló máa ń dùn mí jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, Kánò ni wọ́n bí i sí, Kánò náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ó wáṣẹ́, wọ́n ní kó lọ gba ìwé náà ní ìlú bàbá rẹ̀. Ó délùú, wọ́n ní ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ẹni tó bá ń sọ pé àwùjọ kò ju ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lọ, kó wá ṣàlàyé ìyẹn fún un. Max Weber, ọmọ Jámánì mìíràn, tún ní owó nìkan kọ́, pé iyì àti agbára òṣèlú ní àyè tiwọn lọ́tọ̀. Òótọ́ ni: a ní olówó níbí tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

George Herbert Mead àti Herbert Blumer, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà (Blumer ló sọ èrò wọn lórúkọ ní 1937), ní inú ìbálò ojoojúmọ́ lèèyàn ti ń kọ́ irú ẹni tí òun jẹ́. Ọmọ wa, Bayarabe, ìyẹn Yorùbá lédè Hausa, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é níbí. Bó bá lọ sílé lọ́dún Iléyá, wọ́n á ní ọmọ Gàm̀bàrí ti dé.

Bí a ṣe wà ní Kánò ni àwọn Hausa ṣe wà ní Sábó, Ìbàdàn. Abner Cohen, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, ṣèwádìí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969. Ó rí i pé àwọn oníṣòwò obì àti màlúù di àṣà àti ẹ̀sìn wọn mú gírígírí torí pé òun ló gbé òwò wọn dúró. Maigida, ìyẹn baálé lédè Hausa, ló ń gba àlejò sílé, òun náà ló ń ṣe onídùúró fún un, kí àwìn má bàa di gbèsè tí kò ṣeé gbà. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ tí apẹ̀rẹ̀ gbànjà bá ti ilẹ̀ Yorùbá dé, tí Alhaji ń ṣí ewé tútù lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, láì tíì sọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tiwa ni mo fara mọ́ jù nínú gbogbo wọn. Akínṣọlá Akíwọwọ ti Yunifásítì Ifẹ̀ fa èrò rẹ̀ yọ láti inú àyájọ́ Àsùwàdà, ewì àtẹnudẹ́nu Yorùbá kan, ó sì gbé e síwájú àwọn onímọ̀ àgbáyé nínú ìwé àtìgbàdégbà International Sociology ní 1986. Ohun gbogbo tó wà, ní àkójọ ló fi wà: irun péjọ sórí, koríko péjọ di ọ̀dàn. Ó ní àjọbí ló kọ́kọ́ so èèyàn pọ̀. Bí owó àti ìlara bá já okùn náà, àjọgbé la fi ń so ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní àlàyé náà kò mọ́ ṣáká tó. Síbẹ̀, nígbà tí aládùúgbò mi bímọ, tí ẹbí rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, ìyá Hausa tó ń ta kókó lójúde ló ń gbé omi gbígbóná wá láràárọ̀, tó ń fún àwọn ọmọ tó kù lóúnjẹ. Durkheim kò ṣàlàyé ìyá yìí fún mi tó bí Akíwọwọ ṣe ṣe.

Èmi ń fẹ́ kí àwa fúnra wa kọ ti Sabon Gari sílẹ̀. Àwọn tó bá reluwé wá ti lọ, àwọn ọmọ wọn ti darúgbó. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Kánò, ní Jos, ní Kàdúná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ìwé ìpàdé àtijọ́ nù. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀, ẹ jókòó ti àwọn àgbà kí wọ́n sọ ẹni tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó bá sún mọ́ yín.