Láti Ìdí Ìkòkò Aró Òṣogbo dé Gálárì Lẹ́kí: Mo Tọ Ipasẹ̀ Iṣẹ́ Màmá Níkẹ̀ẹ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí àwòrán Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye nínú ìwé ìròyìn àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi gbéra nílé ni pé mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí iṣẹ́ aró ti pàdé iṣẹ́ ọ̀dà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa wọn a máa pín iṣẹ́ wọn sí méjì, wọn a ní aláró ni wọ́n ní apá kan, ayàwòrán ìgbàlódé ni wọ́n ní apá kejì. Ọkàn mi kò gba ìpín yẹn rárá. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé n ó kọ́kọ́ dé Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní àdìrẹ, kí n tó lọ sí Lẹ́kí tí àwòrán wọn wà lára ògiri.

Ọ̀nà Gbọ̀ngán ni ọkọ̀ wa gbà wọ ìlú, a sì dé kí oòrùn tó mú. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Òṣogbo nítorí iṣẹ́-ọnà gbọ́dọ̀ mọ irú ìlú tí ó ń wọ̀. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà àti òṣèré, sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1964, Georgina Beier tí ó jẹ́ ayàwòrán kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó fún wọn ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó sì jẹ́ kí wọ́n ya ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Láti ìdí iṣẹ́ yẹn ni òkìkí Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh, Rufus Ogundele àti Muraina Oyelami ti kàn kárí ayé. Ẹ wo àwọn orúkọ wọ̀nyẹn dáadáa, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ní àkókò kan náà, àwọn obìnrin ìlú náà ń fi ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tí ó bá wà, ya ẹyẹ, ejò, igi àti òkun sára aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá rà á a máa béèrè iye owó rẹ̀ àti bóyá àwọ̀ rẹ̀ kò ní ṣá, ṣùgbọ́n kì í béèrè orúkọ ẹni tí ó yà á.

Àárín ìyẹn ni Màmá Níkẹ̀ẹ́ bá ara wọn. Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí òde òní, ni wọ́n bí wọn sí ní ọdún 1951. Ìyá wọn kú nígbà tí wọ́n ṣì kéré, àwọn ìyá àgbà ilé wọn ni wọ́n sì ti kọ́ aṣọ híhun àti aró rírẹ. Nígbà tí bàbá wọn fẹ́ fi wọ́n fún ọkùnrin tí ọkàn wọn kò fẹ́, wọ́n sá kúrò nílé, wọ́n tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjó, ẹsẹ̀ wọn sì gbà wọ́n dé Òṣogbo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ Twins Seven Seven, ilé olórogún sì ni. Ní ọdún 1974, wọ́n lọ sí Maine ní Amẹ́ríkà láti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́ aṣọ. Ọmọdébìnrin tí wọ́n fẹ́ fi fún ọkọ láìbi í léèrè ti wá di olùkọ́ nílẹ̀ òkèèrè nítorí iṣẹ́ tí ó kọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ti wà nínú ìtàn yìí, láìkọ ìwé ẹ̀hónú kankan.

Ọdún 1983 ni wọ́n dá ibùdó wọn sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀ láìgba owó. Nígbà tí mo wọlé, ìyá kan tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ń fi iṣẹ́ hàn àlejò jókòó ti tábìlì kan, wọ́n na aṣọ funfun sórí rẹ̀, àwo ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Àrẹdú o, Màmá.” Inú wọn dùn pé ọmọ ìsinsìnyí ṣì mọ bí a ti ń kí aláró, wọ́n sì fà mí mọ́ra pé kí n wá jókòó.

Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yàwòrán. Wọ́n á ti orí rẹ̀ bọ inú ẹ̀kọ, wọ́n á gbọ̀n ọ́n díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n á sì fà á lójú aṣọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ibi tí a bá ti fà á lẹ́ẹ̀mejì yóò nípọn ju ibi yòókù lọ. Kí wọ́n tó ya ohunkóhun, wọ́n ti kọ́kọ́ fa ìlà tí ó pín gbogbo aṣọ náà sí ojú-ọnà onígun mẹ́rin, wọ́n sì ń fi ọnà kún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láìwo ìwé kankan. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì yà á ni?” Wọ́n gbé ojú sókè. “Lẹ́ẹ̀dì kẹ̀? Inú orí ni mo ti yà á kí n tó jókòó. Bí ẹ̀kọ bá ki jù, á sán lójú aṣọ. Bí ó bá ṣàn jù, ọnà á dàrú. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, ọmọ mi.”

Mo dúró lórí gbólóhùn yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó mọ bí ẹ̀kọ ṣe gbọ́dọ̀ ki tó, tí ó mọ bí ìlà ṣe ń tẹ́ àti bí àyè òfìfo ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tí ó kún, ti mọ iṣẹ́ àwòrán. Búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni kò ì tíì dé ọwọ́ rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ sì ṣòroó darí ju búrọ́ọ̀ṣì lọ.

Lẹ́yìn náà ni a lọ sí ìdí aró. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n á ṣù, tí wọ́n á sì sá, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí yóò fi kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Òórùn rẹ̀ le, kò sì yẹ kí àlejò yínmú sí i. Aṣọ kan tí ẹ̀kọ rẹ̀ ti gbẹ ni wọ́n tì bọ ìkòkò. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, àwọ̀ ewé ni ó ní, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án ni ó ń ṣú lójú wa, tí ó fi di búlúù. Wọ́n á sá a, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n á máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí àwọ̀ yóò fi dúdú tó bí wọ́n ti fẹ́, kí wọ́n tó ha ẹ̀kọ náà kúrò. Àwọn àgbà aláró a máa fi Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí aró a máa bàjẹ́ nígbà mìíràn láìjẹ́ pé èèyàn rí ohun tí ó ṣe é.

Mo wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. Ilé gálárì Màmá Níkẹ̀ẹ́ wà ní agbègbè Ìkàtẹ́ Elégùṣì, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ilé alájà púpọ̀ ni, a kì í sì í gba owó ìwọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ni ó wà níbẹ̀, ti àwọn oníṣẹ́-ọnà mìíràn sì pọ̀ nínú wọn. Àwòrán kún ara ògiri, ó kún ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fi ti ara wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé ó ti kún jù, pé ó yẹ kí àwòrán ní àyè tí yóò fi mí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Aláró kì í fi ojú-ọnà kankan sílẹ̀ lófìfo láìnídìí, ilé náà sì jọ ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Mo dúró níwájú àwòrán àwọn obìnrin kan tí wọ́n fi ọ̀dà yà sórí kánfáàsì. Láti òkèèrè, èèyàn lásán ni mo rí. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ọnà àdìrẹ ni ó kún ìró wọn, ìlà ọnà náà dúró ṣánṣán bí èyí tí mo rí ní Òṣogbo, ojú-ọnà onígun mẹ́rin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọnà tirẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ adìyẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti pàdé lójú kan. Ọ̀dà kò ní sán bí ẹ̀kọ, kò sì ní béèrè aró, síbẹ̀ ọwọ́ tí ó fà á ṣì ń fà á ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti bàtíìkì tí wọ́n fi ìda ṣe wà nínú ilé náà bákan náà, wọn kò sì fi wọ́n pamọ́ sí yàrá ọ̀tọ̀ bí ẹni pé wọn kò tó àwòrán ọlọ́dà.

Ohun mìíràn wà tí n kò lè ṣàì sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa tí ń ṣe òwò nàbì ní Ítálì di ẹkún, Màmá Níkẹ̀ẹ́ lọ kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n lè ní ọ̀nà mìíràn láti jẹun, ìjọba Ítálì sì fi oyè dá wọn lọ́lá nítorí rẹ̀ ní ọdún 2006. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni àdìrẹ, kí ó ro ìyẹn wò. Obìnrin tí ó ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ lè sọ pé òun kò fẹ́.

Ògìdì ni ó kù tí mo fẹ́ lọ. Wọ́n dá ibùdó ìhunṣọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn obìnrin ìlú wọn, mo sì fẹ́ jókòó ti àwọn ìyá tí wọ́n wà nídìí òfì. Ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ni orúkọ àwọn tí ó kọ́ wọn níṣẹ́, àti orúkọ àwọn tí ó kọ́ àwọn yẹn, kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.