Ohun tó ń da GPS láàmú tílẹ̀ bá ṣú

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi! Lóṣù kẹta, èmi àti bùrọ̀dá mi tó ń wọnlẹ̀ lọ sí oko kọfí Bàbá wa lẹ́bàá Kábà, ọ̀sán lọ dáadáa, àmọ́ nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ tá a ṣì ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́, GPS, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì sátẹ́láìtì mọ ibi tí nǹkan wà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wérewère, òpó ààlà tá a rì ò kúrò lójú kan o, ẹ̀rọ ní ó ti wọ oko aládùúgbò! Bàbá ní àwọn tó nilẹ̀ ló ń bínú, mo rẹ́rìn-ín títí.

Oòrùn ló fà á jàre. Lọ́sàn-án, ìtànṣán ẹ̀ máa ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tíntìntín tó ní iná mànàmáná, kúrò lára afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, àdàlù yẹn ni wọ́n ń pè ní plásímà. Ìlà ìdọ́gba mágnẹ́ẹ̀tì ayé sì gba àríwá Nàìjíríà kọjá, kò jìnnà sí wa, agbára mágnẹ́ẹ̀tì ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja níbí ni, torí náà tóòrùn bá wọ̀, plásímà tó wà ní bíi kìlómítà 300 sókè á máa ṣe bí ògì tó ń hó lórí iná, ìfófòó á máa yọ látìsàlẹ̀, ìgbì sátẹ́láìtì tó bá gbabẹ̀ á gbọ̀n rìrì. Oṣù kẹta àti ìkẹsàn-án ló sábà máa ń le.

Bùrọ̀dá ní ká padà láàárọ̀. Òpó ṣì wà níbi tá a rì í sí.