Ṣàkì, Wàrà àti Pańla ní Arthur Avenue

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Bronx, ní ìlú New York, ní kí n lọ ra ṣàkì wá láti Arthur Avenue. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀ kò ju pé àdúgbò àwọn ará Ítálì ni.

Belmont ni orúkọ àdúgbò náà gan-an. Àwọn ará gúúsù Ítálì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ju ẹnikẹ́ni lọ, òṣìṣẹ́ alágbára sì ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan wà lára àwọn tó kọ́ ọgbà ẹranko Bronx, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1899, tí kò jìnnà sí ilé wọn. Orí ọmọlanke ni wọ́n ti ń tajà lẹ́bàá títì, nínú oòrùn àti yìnyín, títí di ọdún 1940, nígbà tí Fiorello La Guardia, olórí ìlú New York tí bàbá tirẹ̀ náà jẹ́ ará Ítálì, kó wọn sábẹ́ òrùlé ọjà kan tí ìjọba kọ́ fún wọn. Ọjà náà ń ná títí dòní. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, mo sì ti rí i bí wọ́n ṣe ń lé àwọn aláte kúrò lẹ́bàá títì láì fi ibòmíràn hàn wọ́n; ìdí nìyẹn tí mo fi dúró pẹ́ lábẹ́ òrùlé yẹn.

Mo rí ṣàkì lóòótọ́. Ó funfun báláú ju tiwa lọ, bàbá alápatà sì ṣàlàyé pé ọbẹ̀ tòmátì ni àwọn máa ń sè é sí, kí àwọn tó rín wàrà gbígbẹ lé e lórí.

Ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e ni mo ti rí ọkùnrin kan tó ń ṣe mozzarella. Ó gé wàrà dídì sínú abọ́ ńlá, ó da omi gbígbóná lé e, ó ń fà á, ó ń ká a, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, títí wàrà náà fi ń dán tó sì jọ̀lọ̀ bí iyán. Lẹ́yìn náà ló ń fi ìka já a ní róbótó-róbótó. Láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí gígé ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn Fúlàní tiwa ń fi ewé bọmubọmu mú wàrà dì, ṣùgbọ́n wọn kì í fà á báyìí. Ó já ègé kan fún mi; ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi rẹ̀ sì ń kán sí ọrùn ọwọ́ mi.

Kì í ṣe ọmọ Ítálì nìkan ló mú àdúgbò yìí dúró. Ìdílé Júù kan tó ti Austria wá ló dá ṣọ́ọ̀bù Teitel sílẹ̀ ní ọdún 1915, ìràwọ̀ Dáfídì sì wà ní ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ará Ítálì ti kó lọ sí ìgbèríko, àwọn ará Albania àti Mexico sì pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Kérésìmesì bá kù dẹ̀dẹ̀, àwọn tó kó lọ ń padà wá tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì àti ti ẹja.

Níbi ẹja ni ọkàn mi ti fò. Pańla! Ó gbẹ gan-an bí igi ìdáná. Stoccafisso ni wọ́n ń pè é. Afẹ́fẹ́ òtútù etíkun Norway ló ń gbẹ ẹ́ láìsí iyọ̀, Ítálì àti Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń rà á jù lọ láyé. Mo ra ọ̀kan kún ṣàkì.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi gbé e sí imú, wọn kò sì tètè sọ̀rọ̀. “Irú èyí ni Màmá máa ń rà ní Dùgbẹ̀,” ni wọ́n wí. A rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì.