Bàbá mi ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì mi

Òṣìṣẹ́ reluwé ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ní Láfẹ́ńwá níbí ní Abẹ́òkúta. Ẹ má fi ìwé tí wọ́n kọ aago sí hàn án o, torí kò ní sinmi. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì mi jáde ní oṣù Kejìlá, ó wá awò rẹ̀, ó mú bírò. A ó gbéra n'Íkẹjà ní 10:45 alẹ́, a ó dé Atlanta ní 5:10 ìdájí.

"Wákàtí mẹ́fà lé díẹ̀. Àjọkẹ́, Amẹ́ríkà ò kúkú jìnnà!"

Ó tún wo ti àbọ̀: 5:00 ìrọ̀lẹ́ sí 10:00 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ojú ẹ̀ yí padà. "Wákàtí mẹ́tàdínlógún kẹ̀? Níbo lẹ máa yà sí lójú ọ̀nà?"

Mo ní, "Bàbá, aago ìlú oníkálukú ni wọ́n kọ. Lásìkò òtútù wọn, a fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú wọn. Tí ẹ bá ń mu ẹ̀kọ yín ní aago méje àárọ̀, aago kan òru ni lọ́dọ̀ wọn." Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀: àlọ di wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú 25, àbọ̀ di mọ́kànlá. Ìyẹn náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣebí ọ̀nà kan náà ni? Mo ṣàlàyé pé lókè lọ́hùn-ún, atẹ́gùn líle máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn. Tí a bá ń lọ, ó ń dí wa lọ́wọ́, tí a bá ń bọ̀, ó ń tì wá lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí kò sí nínú tíkẹ́ẹ̀tì ló wá fìyà jẹ mí. Láti ilé wa dé pápákọ̀ òfurufú, bíi 80 kìlómítà péré ni. Aago méjì ọ̀sán la jáde. Tírélà kan ti takú sí Sàngó-Ọ̀tà, ló bá di sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Oníbúrẹ́dì kan tà fún wa lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, síbẹ̀ ó máa ń ṣáájú wa débi tí a ń lọ. Wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú! Oníkẹ̀kẹ́ ì bá ti dé, kó ti wẹ̀.

Bàálù ní tiẹ̀ rin ohun tó lé ní 9,300 kìlómítà. Àwòrán rẹ̀ wà lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú mi, ó rí bí eèrà tó bà lé orí omi aró. Mo sùn, mo jí, eèrà ṣì wà lórí òkun. Òtútù ìta jẹ́ -52°C. Èmi ń làágùn lábẹ́ kúbùsù.

Nígbà tí mo fi máa pe ilé, ọ̀sán ti pọ́n l'Ábẹ́òkúta. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. A ti dé o."

"Aago mélòó lẹ balẹ̀?"

"Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 26, sà."

Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé. "Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún pẹ́."